Aṣọ Kíjìpá Inú Lọ́rì

Sájẹ́ǹtì Bámigbóyè kúnlẹ̀ sí ìdí igi obì náà, ó mú ewé kan tí ó ti rọ nílẹ̀, ó sì fi èékánná họ ohun dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun dúdú náà ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó le bí èèpo igi.

"Ajíbádé, kí nìyí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣe kí ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì."

"Ó dì," ni ó wí. Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún. "Gbogbo Ìsẹ̀ ló ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Afọláyan kọ̀, kò dì, nítorí pé àbúrò rẹ̀ fi májèlé sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ta ló wá sọ fún èyí pé kí ó dì?"

Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi ti là, ẹsẹ̀ mi sì ti tutù nínú bàtà ìjọba. Lójú tèmi, ẹjọ́ náà ti parí kí a tó kúrò ní tẹ́ṣàn, oko tí a wá yìí kò sì ju kí Ọ̀gá mi fi ìyà jẹ mí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe. Ibi tí ẹjọ́ bá ti dán mọ́rán ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná họ nǹkan.

Ọdún tí iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní oko kòkó kan láàárín Ìsẹ̀ àti Emùré. Afọláyan, ọmọ Ìsẹ̀, gun igi obì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀ka ṣẹ́, ó já bọ́, kùkùté kan tó ní ṣóńṣó sì gún un wọ itan. Àbúrò rẹ̀, Pius Fálẹ́yẹ, ló sọ bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ó ní òun fún ewé sí ọgbẹ́ náà, òun fi aṣọ dì í, òun sì pọn ẹ̀gbọ́n òun dé ojú títì. Wọ́n gbé e sínú lọ́rì, ó di ilé ìwòsàn lọ́nà Adó. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, Afọláyan ti ń kú lọ.

Bàbá kan náà ló bí àwọn méjèèjì, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ìyá Pius kú nígbà tí ọmọ wà lẹ́nu ọmú, Yèyé Àdùnní tí í ṣe ìyá Afọláyan ló gbà á, ó fún un lọ́mú, ó tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni wọ́n ti ń jà lórí ààlà oko, gbogbo àdúgbò ló sì ń gbọ́ ariwo wọn. Nígbà tí Afọláyan wá kú nítorí ọgbẹ́ itan tí kò yẹ kó pa ọmọ ọdún méje, Yèyé Àdùnní fúnra rẹ̀ ló na ìka sí Pius. Ó ní ewé tí ó fún sí i kì í ṣe ewé lásán. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a óò fi Pius ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ẹ̀sùn ìpànìyàn, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó ń dúró de apànìyàn láyé òyìnbó, okùn ni.

Bámigbóyè yí igi obì náà ká. Ó rí ẹ̀ka tó ṣẹ́, ojú ibi tó ti ṣẹ́ ṣì funfun. Ó rí kùkùté, òwú ṣòkòtò ṣì wà lórí rẹ̀. Ó wá ya ewé imí-eṣú lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi í hàn mí, ó fi í wé èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójijì ló fa ọ̀bẹ kékeré yọ lápò, ó sì gé apá ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mo ń jẹ májèlé," ni ó wí. Ó ra ewé náà láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó fún omi rẹ̀ sí ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Bí mo bá kú kí a tó dé ojú títì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewé ni."

Kò kú. Kí a tó dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wa wà, ojú ibẹ̀ ti gbẹ.

*

Fèrèsé àtìmọ́lé Ìsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju fìlà lọ. Pius jókòó sí igun, ó káwọ́ mọ́ra. Géńdé ni, apá rẹ̀ tóbi bíi ti ẹni tó ń gbé àpò kòkó, ṣùgbọ́n ó jókòó bí ẹni tí wọ́n ti lù. Ẹnikẹ́ni kò lù ú o. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ.

"Ewé wo lo fún sí ọgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ?" ni Bámigbóyè bi í.

"Imí-eṣú ni."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà dúró?"

"Ó dúró, sà. Mo dì í, mo pọ̀n ọ́n. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́nà. Ó ní bí ẹsẹ̀ òun bá ti san, kí n wá fa okùn ààlà yẹn síbi tó bá wù mí."

"Ta lẹ kọ́kọ́ pàdé?"

Pius ń fi ìka ẹsẹ̀ fa ilẹ̀.

"Mo ní ta lẹ kọ́kọ́ pàdé."

"Yèyé ni. Ó wà lódò, níbi tó rẹ ẹ̀gẹ́ sí."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lódò?"

"Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀."

"Wọ́n ní o gbé kíjìpá wá sínú lọ́rì, o fẹ́ fi bò ó bí ẹni ń di òkú."

"Mo fẹ́ bò ó lóòótọ́."

"Wọ́n ní kí ó tó kú, ó na ọwọ́ sí ọ lójú gbogbo èèyàn."

"Ó nà án, sà."

"Kí ló fẹ́ fi ọwọ́ yẹn sọ?"

Ìgbà yẹn ni Pius kọ́kọ́ gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Sájẹ́ǹtì," ni ó wí, "ẹ kọ ọ́ pé èmi ni. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán."

Inú mi dùn, mo ti mú kálámù. Bámigbóyè gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó sì fà mí jáde.

"Ọkùnrin yìí ń fi nǹkan pamọ́," ni ó wí nígbà tí a dé ìta.

"Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń fi pamọ́, Ọ̀gá. Ó sì ti fẹ́ jẹ́wọ́ kí ẹ tó fà mí jáde."

"Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, kí ló dé tó ń bẹ̀ wá pé ká kọ orúkọ òun sí i? Tẹlòmíràn ló ń bò. O rí i pé ẹnu rẹ̀ yá títí a fi dé odò. Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti kú."

*

Àwọn tó wá ṣèdárò jókòó káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé Àdùnní. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí ẹní, fìlà Afọláyan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ́ etí rẹ̀, ó ń tún un tẹ́. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn rẹ̀.

"Yèyé, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ bá mi sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ."

"Kí ni mo fẹ́ sọ tí mi ò tíì sọ? Ọmú kan náà ni àwọn méjèèjì mu. Lára mi níbí yìí." Ó gbá àyà rẹ̀. "Ẹni tí mo fún lọ́mú ló pa ẹni tí mo bí."

"Ọ̀rọ̀ odò ni mo fẹ́ gbọ́, Yèyé."

Ó nu ojú. "Nígbà tó fi pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Mo ní kò ní sùn. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́ tó bá sùn, ojú oorun yẹn ni ukú ti ń mú un lọ. Mo bu omi odò, mo dà á lé e lórí, mo dà á lé e láyà. Ó lajú. Ó ní, 'Yèyé.'" Ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo bu omi kún agbè, mo gbé e wọ lọ́rì. Bó bá ti fẹ́ dijú, mo dà á sí i lára. Nígbà tí a dé Ìsẹ̀ níbí tí omi sì tán, àwọn ará ulé pọn òmíràn fún mi. Èmi àti ukú la jọ ń fà á, ọmọ mi. Mi ò jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi títí a fi ń wo àpáta Olósùnta ti Ìkẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ń mi orí. Wọ́n ní ó ṣe é, ìyá ọmọ ni. Èmi náà mi orí tèmi. Kò sí ìyá kan ní gbogbo Èkìtì tí ì bá má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá dákú ní ilé wa, omi tútù ni ẹni àkọ́kọ́ ń ké fún.

"Ṣé ó gbọ̀n, Yèyé?"

"Ó gbọ̀n púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Nígbà tó yá, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Mo ní Ọlọ́run ṣé, ara rẹ̀ ti balẹ̀."

Mo ń wo ọwọ́ Ọ̀gá mi. Kálámù rẹ̀ dúró. Kò kọ èyí sílẹ̀.

"Aṣọ náà ńkọ́?"

Ojú Yèyé yí padà. "Ibí yìí náà ni lọ́rì dúró. Pius bọ́ sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó gbé kíjìpá mi jáde. Kíjìpá tí mo fọwọ́ ara mi hun, tí mo tò sápótí de ujọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sin mí. Òun ló fẹ́ fi bo ọmọ mi tó ń mí. Mo já a gbà, mo jù ú sẹ́yìn. Mo bi í pé ta ló kú tó ń dì. Ó tún mú un. Afọláyan rí i, ó sì na ọwọ́ sí i, kí gbogbo èèyàn lè mọ ẹni tó pa òun."

"Báwo ló ṣe nà án? Ṣé báyìí?" Bámigbóyè na ìka kan ṣoṣo.

"Rárá. Báyìí." Yèyé gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sí òkè, ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ọ̀gá mi wo ọwọ́ yẹn pẹ́. "Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

Yèyé sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí fìlà. "Ó ní òtútù ń mú òun," ni ó wí. "Mo ní má sùn."

*

Jẹ́jẹ́ ni orúkọ awakọ̀ lọ́rì náà, ṣùgbọ́n kò sí jẹ́jẹ́ kankan nínú bó ṣe fò gba fèrèsé nígbà tó rí wa ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo lé e gba ẹ̀yìnkùlé, mo lé e gba àárín ọgbà ẹ̀wà, mo sì mú un lẹ́bàá ṣáláńgá. Mo fi ayọ̀ fà á padà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni kejì Pius rè é."

"Kí lo sá fún?" ni Bámigbóyè bi í.

"Láísẹ́ǹsì mi ti kú látọdún tó kọjá, sà."

Ọ̀gá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Láísẹ́ǹsì kọ́ ni mo bá wá. Nígbà tí wọ́n gbé Afọláyan wọ lọ́rì rẹ, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀?"

"Rárá, sà. Mo fọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n fi dì í, torí mi ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀ mi. Omi ló ń dà lára rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ yẹn ti gbẹ."

"Nígbà tí ẹ dé Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ jókòó lórí òkúta. "Ẹ̀jẹ̀ ti ń jò gba àárín pákó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà títì ló ń kán sí. Ẹ̀jẹ̀ kò nípọn, sà, ńṣe ló ṣàn. Àwọn èrò ń pariwo pé májèlé ni."

"Ṣé o ní tapólì lórí ọkọ̀?"

"Kò sí. Gbangba ni wọ́n wà, ọyẹ́ sì ń fẹ́ wọn. Àwa tí ara wa gbẹ gan-an, òtútù ń pa wá. Àbúrò rẹ̀ yẹn ń bẹ màmá náà. Ó ní kí ó dáwọ́ omi dúró. Màmá ní ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn."

*

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé ilé ìwòsàn. Dókítà Ọlájídé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé kò tíì mọ́ ọn lára kí èèyàn kú sí i lọ́wọ́.

"Sájẹ́ǹtì, mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà," ni ó wí. "Mo ṣí ọgbẹ́ náà wò. Iṣan ńlá kankan kò gé. Mo fi òwú dí i, mo rán an, ẹ̀jẹ̀ ń gba ojú abẹ́rẹ́ jáde. Mo sì rò pé òkú ni wọ́n gbé wá fún mi, nítorí ara rẹ̀ tutù bí ìkòkò omi. Ìgbà tí mo gbé etí lé àyà rẹ̀ ni mo gbọ́ pé ó ṣì ń mí. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi búláńkẹ́ẹ̀tì dì í. Kò pẹ́ tó fi lọ."

"Dókítà, mo jagun ní Bọ́mà," ni Bámigbóyè wí. "Èmi wà lára àwọn tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà òjò, a máa ń gbé ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, aṣọ rẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ. Yóò gbọ̀n, yóò gbọ̀n, yóò wá dákẹ́. Ojú ọgbẹ́ tó ti gbẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. A óò gbé e dé ìsàlẹ̀ ní òkú. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ tóbi jù ú lọ, tí ẹnì kan bọ́ kóòtù fún, á dé láàyè. Mi ò mọ ìdí. Mo kàn rí i lọ́pọ̀ ìgbà ni."

Dókítà jókòó. "Ìdí wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti dín kù, ara rẹ̀ kò lágbára láti mú ara rẹ̀ gbóná mọ́. Bí ara bá sì ti tutù jù, ẹ̀jẹ̀ kì í rántí bí wọ́n ṣe ń dì. Bó bá ṣe ń ṣàn sí i ni òtútù ń mú un sí i, bí òtútù bá ṣe ń mú un sí i ni yóò máa ṣàn." Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ní májèlé, èmi náà wá ń wá májèlé. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ìdí tí aṣọ rẹ̀ fi rin gbingbin. Mo máa kọ ohun tí mo mọ̀, ẹ óò mú un lọ sí Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ìyá yẹn?"

Bámigbóyè dìde, ó dé fìlà rẹ̀. "Pius kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún un," ni ó wí. "Nítorí èyí ló ṣe fẹ́ kí wọ́n so òun kọ́."



*

Ẹ má rò pé mo gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Alágídí ni mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún Ọ̀gá mi ní tẹ́ṣàn pé omi kì í pa èèyàn bí kò bá rì sínú rẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó rán mi lọ ra adìyẹ kan, mo sì yára lọ, torí ọbẹ̀ ni mo rò.

Ó dúńbú adìyẹ náà ní ẹ̀yìn tẹ́ṣàn, ó gbe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àwo tánńganran méjì. Ọ̀kan ló gbé ka inú ìkòkò omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Èkejì ló gbé ka inú agbada omi odò tó ti sùn síta nínú ọyẹ́. A dúró. Kò pẹ́ tí ti inú omi lílọ́ fi dì gìrìgìrì. Ó yí àwo náà, kò dà. Ó yí èkejì, ó ń ṣàn bọ̀ọ́ rọ̀ọ́ bí ẹni pé ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n gbe é.

Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí gbogbo ẹni tí mo ti da omi tútù sí lára láyé mi.

"Ta ló ń ṣe adìyẹ níbí?"

A yíjú padà. Yèyé Àdùnní ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ìró dúdú lára rẹ̀, èjìká rẹ̀ wà ní gbangba. Ó ti gbọ́ láàárín ìlú pé a fẹ́ dá Pius sílẹ̀, ó sì wá bi wá léèrè ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá mi gbé ara dí àwo náà, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń dáná láti ìgbà èwe kì í ṣe ẹni tí a fi ẹ̀jẹ̀ adìyẹ pamọ́ fún.

"Adìyẹ kan náà?" ni ó bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Kí ló dé tí èyí fi dì, tí ìyẹn ń ṣàn?"

Ó sún mọ́ àwọn àwo náà, ó ti ìka bọ omi inú ìkòkò, ó yọ ọ́. Ó ti ìka bọ omi inú agbada, ó sì fi í síbẹ̀. Mo rí i nígbà tí ó yé e. Mi ò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé àwo tó ń ṣàn náà kúrò nínú omi tútù, ó gbé e sínú omi lílọ́, ó di etí rẹ̀ mú, ó sì ń wò ó. Bámigbóyè fẹ́ fà á dìde, ó kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ títí tí èyí náà fi dì.

"Ó ṣì lè dì," ni ó wí. "Bí wọ́n bá mú un gbóná, ó ṣì lè dì."

"Yèyé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Gbogbo wa la máa ń da omi." Ohùn Ọ̀gá mi ti fà sí ti Ìkẹ́rẹ́, bó ti máa ń ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá bàjẹ́. "Ẹ̀ ń bá ukú jà ni. Kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ yín."

"Aṣọ wà lọ́wọ́ mi," ni Yèyé wí. "Mo jù ú sẹ́yìn."

Ó ní kí a mú Pius wá. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó jáde, ó rí Yèyé, ó rí àwo méjèèjì, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

"Dìde," ni ó wí fún un. "Ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ nà. Ṣé aṣọ ló ń tọrọ?"

"Rárá, Yèyé."

"Kí ló ń tọrọ?"

"Èmi ló nà án sí. Bí ẹ ti sọ ọ́ gan-an ni. Ó bínú sí mi nítorí ààlà."

Yèyé wò ó. "Láti kékeré," ni ó wí, "o ò mọ urọ́ pa."

Ó yí padà, ó gba ẹ̀bá ilé jáde sí títì. Bámigbóyè wọ inú tẹ́ṣàn, ó gbé kíjìpá náà tí a tì pa mọ́ fún ẹ̀rí, ó jù ú sí Pius lọ́wọ́. "Bá a lọ," ni ó wí. "Èmi ni n óò dáhùn ní Àkúrẹ́."

A dúró sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ṣàn, a ń wò wọ́n. Ọyẹ́ ti bo òkè mọ́lẹ̀, a kò rí ju ilé díẹ̀ lọ. Pius bá a lójú títì, ó ṣí aṣọ náà, ó fẹ́ gbé e lé e léjìká. Yèyé fọwọ́ tì í kúrò.

"Jẹ́ kó mú mi," ni a gbọ́ tí ó wí. "Jẹ́ kí n mọ bó ṣe rí lára rẹ̀."

Ó ń lọ. Pius ń tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó tún gbé aṣọ náà dé èjìká rẹ̀, Yèyé tún tì í kúrò. Pius wá dúró lójú kan láàárín títì, aṣọ náà ń wọ́ nílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀, bí a ti mú un látoko.

"Yèyé," ni ó wí, "òtútù ń mú mi."

Ẹsẹ̀ ìyá náà dúró. Ó pẹ́ kó tó yíjú padà. Nígbà tó yí i padà, ó rìn padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó gba kíjìpá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó na apá sókè kó lè dé èjìká ọmọ tó ga jù ú lọ. Ó bò ó lẹ́yìn, ó bò ó láyà, ó ká a mọ́ ọn lọ́rùn. Ó sì dúró níbẹ̀ láàárín títì, ó di etí aṣọ náà mú, ó ń bi í léraléra bóyá ó ti ń móoru.